Rójà Tí Mo Sọ Láìgbọ́

Èmi ni mo jẹ̀bi. Mi ò gbọ́ ohun tí fóòmàànù wa sọ nínú rédíò, mo sì dá a lóhùn pé mo gbọ́.

Ilé-ìwé módà ni mo kà dé, mi ò tiẹ̀ parí rẹ̀, kí n tó rí iṣẹ́ onírédíò nígbà ìjọba alágbádá, ní ọ́fíìsì àwọn kan tó ń fọ́ òkúta. Rédíò kan wà lórí tábìlì mi ní Ìbarà, èkejì wà lábẹ́ àtíbàbà fóòmàànù wa lẹ́yìn Itori, bátìrì mọ́tò ló ń gbé e. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò pọ̀. Tí o bá sọ tìrẹ tán, wàá ní "Ófà," kí ẹnìkejì lè fèsì. "Sítáńbáì" ni pé kó dúró dè ọ́. "Rójà" ni pé o ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ pátá. Tí o kò bá gbọ́, "Sé ẹgéènì" ni wàá wí, kó lè tún un sọ.

Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló máa ń nira fún mi láti sọ. Fóòmàànù ju bàbá mi lọ lọ́jọ́ orí, kò sì sí "ẹ" àpọ́nlé kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Mo wá ń sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, sé ẹgéènì sà." Ó rẹ́rìn-ín títí. "Ọmọ Ẹ̀gbá, o tún ń dọ̀bálẹ̀ nínú rédíò! Ófà."

Ọ̀sán ọjọ́ tí mò ń wí yìí, òjò ń rọ̀, rédíò ń ta pàrà-pàrà bí òróró gbígbóná. Mo gbọ́ ohùn fóòmàànù, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo tún bẹ̀ ẹ́.

"Ṣé etí ẹ di ni? Ẹ̀ẹ̀melòó ni kí n sọ ọ́? Ófà!"

Ojú mi ò gba ẹ̀ẹ̀kẹta, pẹ̀lú àgbà tó ti bínú. Mo ní, "Rójà, sà." Mo rò pé dísù tí ẹ̀rọ wọn ń mu ló tún ń bèèrè. Tó bá le, á tún pè.

Kò tún pè. Kí ló fẹ́ tún pè fún?

Òkúta ló yí lu lébìrà kan lẹ́sẹ̀. Ohun tí fóòmàànù ń sọ ni pé kí n rán mọ́tò wá. Wọ́n gbé ọkùnrin náà dé etí títì, níbi tí kò sí rédíò, kí mọ́tò lè tètè rí wọn. Ọkọ̀ àgbẹ̀ kan dúró, ó fẹ́ gbé e, fóòmàànù ní, "Ẹ ṣeun, tiwa ti wà lọ́nà." Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó rí ọkọ̀ mìíràn. Ní ọsibítù, wọ́n gé ẹsẹ̀ náà.

Nígbà tí ọ̀gá iléeṣẹ́ wa bi wá, mo ní rédíò ló já. Fóòmàànù tó gbọ́ "Rójà" mi wò mí, ó mú fìlà rẹ̀, ó jáde.

Aké ni ọkùnrin tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ náà ń gbé. Tí mo bá kí i pé, "Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀gbọ́n," á ní, "Àbúrò mi, ìwọ náà gbìyànjú lọ́jọ́ yẹn. Òjò ló fà á." Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti jókòó tì í láti sọ òótọ́ fún un. Ìyàwó rẹ̀ bu omi fún mi, mo mu ún, mo dìde. Mo ṣì jẹ ẹ́ ní òótọ́ náà.