Gíga Ilẹ̀ Òpópónà Kan Ní Ìgàndò

Ní ọjọ́ Sátidé tí a lò pọ̀ kẹ́yìn ní àlàáfíà, ìyàwó mi jókòó sí ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì wa ní Ẹgbẹ́dá, ó ń ṣa ẹ̀wà, ó sì gbé ìwé ìwọ̀n mi lé orúnkún. Ìparí àwọn ọdún 1980 ni. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, ṣùgbọ́n sọ̀fíyọ̀ ni mí nígbà náà. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni òun.

Òpópónà kan ní Ìgàndò ni iṣẹ́ tó wà nílẹ̀. Àwọn lánlọ́ọ̀dù ibẹ̀ fẹ́ gbẹ́ gọ́tà dé odò tó wà lẹ́yìn òpópónà náà kí òjò tó le, nítorí gbogbo omi òpópónà náà ń wọ ilé ìyá àgbàlagbà kan tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Lọ́dún tó ṣáájú, orí tábìlì ni ìyá náà kó aṣọ àti oúnjẹ rẹ̀ sí. Èmi àti ọkùnrin tó ń bá mi di ọ̀pá ìwọ̀n mú ti rin òpópónà náà tán, a sì ti fi ẹ̀rọ ka iye ara ọ̀pá ní ibi mẹ́tàlélógún. Ìṣirò ló kù: láti inú àwọn iye yẹn, kí n mọ bí ibì kọ̀ọ̀kan ṣe ga tó sí òkúta àmì tí a ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n.

Bí a ṣe máa ń ṣe é láti ìgbà tí a ti ṣègbéyàwó ni pé òun á ka iye méjì tó tẹ̀ léra, á sọ bóyá ilẹ̀ gòkè tàbí ó wálẹ̀. Èmi á yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, màá sì kọ ọ́ sí òpó gígòkè tàbí ti wíwálẹ̀ nínú ìwé. Ohun tó ń da ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà rú ni pé bí ilẹ̀ bá ṣe ń wálẹ̀ ni iye ara ọ̀pá ń pọ̀ sí i, nítorí ẹ̀rọ dúró lójú kan, ọ̀pá ló ń lọ sísàlẹ̀.

"Ẹ̀yin sọ̀fíyọ̀ yìí ṣá," ló wí lọ́jọ́ náà. "Ilẹ̀ ń wálẹ̀, nọ́ńbà ń gòkè. Bí ọmọ kíláàsì mi bá ṣe báyìí, màá ní kó lọ kúnlẹ̀."

"Tíṣà, ka nọ́ńbà jàre."

"Mo ń kà á. Ẹ̀yin náà, ẹ yé wo ẹ̀wà. Kò tíì dé orí iná."

A ṣe ìlà mẹ́sàn-án, a ní a ó parí ìyókù tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ó ní orí ń fọ́ òun. A kò dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni dókítà pè é. Ọ̀sán ọjọ́ náà ló kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo ti ìwé náà bọ inú dúrọ́ọ̀. Baba alága àwọn lánlọ́ọ̀dù, ọmọ onílẹ̀ Ìgàndò gan-an, wá kí mi lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n á jókòó, wọ́n á ṣàdúrà, wọn kò ní dárúkọ gọ́tà. Nígbà tí wọ́n wá lẹ́ẹ̀kẹta, èmi ni mo dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

"Ẹ má da ara yín láàmú, sọ̀fíyọ̀," ni wọ́n wí. "Gọ́tà ò ní sá lọ."

"Ìyá ìsàlẹ̀ ńkọ́, Bàbá?"

"Omi òjò ọjọ́ Túsìdeè ti kan ẹnu ọ̀nà wọn. Wọ́n ti ń kó ẹrù sórí tábìlì."

Ọ̀rẹ́ mi kan ní ọ́fíìsì, sọ̀fíyọ̀ bíi tèmi, ti ní kí n gbé ìwé náà fún òun kí òun bá mi parí rẹ̀. N kò kọ̀, n kò sì gbé e fún un. Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé ìbẹ̀wò kẹta Baba alága, mo dé láti ibi iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, mo ṣí dúrọ́ọ̀.

Ìlà kẹwàá ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo parí, mo ṣe àyẹ̀wò tí gbogbo sọ̀fíyọ̀ ń ṣe: mo ro gbogbo iye tí a kà nígbà tí a kọjú ẹ̀rọ sẹ́yìn pọ̀, mo yọ àpapọ̀ àwọn tí a kà nígbà tí a kọjú rẹ̀ síwájú kúrò; ohun tó kù gbọ́dọ̀ bá ìyàtọ̀ tó wà láàárín gíga ibi ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ibi ìparí mu. Kò bá a mu. Ó fi 0.240 yàtọ̀, sẹ̀ǹtímítà mẹ́rìnlélógún. Gọ́tà tí a bá fi irú ìṣirò yẹn gbẹ́, iwájú ilé ìyá yẹn ni omi rẹ̀ á dúró sí.

Mo fẹ́ pa ìwé náà dé. Ọ̀rẹ́ mi á rí àṣìṣe náà láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí ènìyàn bá kọ wíwálẹ̀ sí òpó gígòkè, ìlọ́po méjì iye náà ni àṣìṣe rẹ̀ máa ń jẹ́. Mo pín in sí méjì: 0.120. Mo wá a láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, mo sì rí i ní ìlà kẹrìndínlógún: 1.465, lẹ́yìn rẹ̀ 1.585. Iye kejì ló pọ̀ jù, ilẹ̀ wálẹ̀ nìyẹn. Èmi kọ ọ́ pé ó gòkè. Ibẹ̀ ni ìyàwó mi ì bá ti sọ̀rọ̀. N kò gbọ́ nǹkan kan, ọwọ́ mi sì ń kọ lọ.

Mo fa ìlà kan la àṣìṣe náà, nítorí a kì í fi rọ́bà pa iye rẹ́ nínú ìwé ìwọ̀n. Mo tún ìlà méje tó kù ṣe, mo ń wo iye méjèèjì dáadáa kí n tó kọ. Mo tún àyẹ̀wò ṣe. Ó bára mu.

Mo da gbogbo rẹ̀ kọ sórí ìwé tó mọ́, mo sì gbé e lọ sí Ìgàndò kí ilẹ̀ tó ṣú. Baba alága yí ìwé náà síhìn-ín, wọ́n yí i sọ́hùn-ún.

"N ò mọ èyí kà o, sọ̀fíyọ̀. Ẹ fẹnu sọ ọ́ fún mi. Ṣé omi á lọ?"

"Á lọ, Bàbá."

"Láti iwájú ilé Ìyá?"

"Láti ibẹ̀ gan-an títí dé odò."

Wọ́n ní àwọn tó máa gbẹ́ ilẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo ní màá wà níbẹ̀.