Ariwo Ẹ̀rọ Tó Ń Ṣọ́ Ẹ̀gbọ́n Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré tí n kò tíì lè gbé ọkọ́, ibà kì í jẹ́ kí n gbádùn. Bí ó bá ti dá mi dùbúlẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni wọ́n máa ń fi tì mí ní abúlé wa lápá Okpomèta, kí àwọn àgbà tó lọ sóko. Ìyá wa á ní bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, kó pariwo. Áà, ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ràn jù! Bí mo bá sín, ó pariwo. Bí mo bá yí ẹ̀gbẹ́ padà, ó pariwo. Àwọn ará àdúgbò á sáré dé pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́, wọ́n á bá mi níbi tí mo ti ń mu ẹ̀kọ. Nígbà tó yá, wọn kò dáhùn mọ́. Ìyá wa ló wá là á yé e pé, "Bí ó bá ń làágùn, nù ún. Bí o bá pè é tí kò dáhùn, ìgbà náà ni kí o ké."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yìí ìbá ti kúrò lọ́kàn mi, bí kì í bá ṣe pé àìsàn èémí gbé ẹ̀gbọ́n mi yìí dé ilé ìwòsàn lẹ́nu àìpẹ́ yìí. Wọ́n lẹ nǹkan mọ́ ọn láyà, wọ́n fi ohun kékeré kan há a níka, okùn wọn sì lọ sínú ẹ̀rọ kan tó ń tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ ṣàlàyé fún mi pé àwọn ti pààlà fún ẹ̀rọ náà. Bí ọkàn bá sáré kọjá ààlà, tàbí tí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ bá lọ sílẹ̀ jù, yóò ké kíkankíkan, iná pupa yóò sì máa ṣẹ́jú. Bí ó bá jẹ́ okùn ló yọ, ohùn rẹ̀ á rọlẹ̀, iná rẹ̀ á sì ní àwọ̀ ìyeyè.

Àmọ́ ẹ mọ àwa ará Kétu. Ta ló máa kí aláìsàn tí kò ní di ọwọ́ rẹ̀ mú? Mọ̀lẹ́bí dé láti Adakplamè, wọ́n dì í lọ́wọ́ mú, ohun ìka bọ́, ẹ̀rọ ké. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jà dé, ẹ̀rọ tún ké. Lákọ̀ọ́kọ́, gbogbo wa ń pe Ọlọ́run. Nígbà tó di ọ̀sán, ẹnì kan ní, "Ẹ má dá masíìnì yẹn lóhùn jàre, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn." A sì ń bá ọ̀rọ̀ wa lọ.

Ló bá tún ké. Iná pupa ni. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án, ohun náà ṣì wà níka rẹ̀. Kí n tó lè dìde, ọmọbìnrin náà ti wọlé, torí ó ti dá ohùn yẹn mọ̀ láti ìta. Ó gbé ẹ̀gbọ́n mi jókòó, ó fi afẹ́fẹ́ sí i nímú. Ẹ̀rù bà mí débi pé n kò rántí àdúrà kankan. Díẹ̀díẹ̀ ni nọ́ńbà afẹ́fẹ́ tó wà lójú ẹ̀rọ náà ń gòkè, títí ẹ̀rọ fi dákẹ́. Ọmọbìnrin náà wá yọ ohun ìka kúrò lọ́wọ́ ọ̀tún, ó fi há ọwọ́ òsì, nítorí ọmọ ilẹ̀ yìí ni, ó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń na ọwọ́ òsì kí àgbà.

Ayé ti yí padà, inú mi sì dùn pé ó yí. Nígbà tiwa, àfi kí ètè aláìsàn yí àwọ̀ kí a tó mọ̀ pé èémí ń tán. Lónìí, ẹ̀rọ ti mọ̀ kí ojú tó rí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi la ojú, kò bèèrè ẹ̀rọ, kò bèèrè ara rẹ̀. Ó wo èmi arúgbó yìí, ó ní, "Àbúrò, ṣé o ti jẹun?" Mo bú sẹ́kún.