Ògiri Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Kò Fẹ́ Kí Èrò Ọ̀nà Rí

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó mú mi lọ tó sì mú mi bọ̀, tí n kò fi ẹsẹ̀ gbún òkúta. Òun ni kí n kọ́kọ́ yìn kí n tó sọ ohun tí mo rí.

Ìdájí Sátidé ni mo wọ ọkọ̀ ní Ìbàdàn, mo ń lọ sí Erunmu. Ẹgbẹ̀rún kan náírà ni owó ọkọ̀. Títì dára títí a fi yà kúrò lójú ọ̀nà ńlá. Láti ibẹ̀ lọ, kòtò ni. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ìyá Ṣeun, ni mò ń lọ bẹ̀. Yàrá amọ̀ tó ń sùn sí ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, òjò sì ti dé tán, ṣùgbọ́n ó kọ̀, kò wọ ilé tuntun tí àwọn ọmọ rẹ̀ kọ́ fún un.

Mo bá Múfú bíríkìlà níbẹ̀, ó ń wọ́n omi sára ògiri ilé ìdáná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ tó sì fi àpò bò. Ó ní àwọn dín sìmẹ́ńtì kù nínú búlọ́ọ̀kù tí àwọn fi mọ ọ́n àti ilé tuntun náà, àwọn sì fi amọ̀ sísun tí wọ́n lọ̀ kúnná dí i, nítorí iná ńlá tí wọ́n fi ń sun òkúta kó tó di sìmẹ́ńtì ń tú èéfín tó ń ba ojú ọjọ́ jẹ́. Kì í tètè le, ìyẹn ni wọ́n fi ń bomi rin ín.

“Wò ó, ó ń wẹ ògiri bí ọmọ tuntun,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí fún mi.

“Màmá, ọmọ tí a bá wẹ̀ dáadáa ló ń le,” ni Múfú dáhùn.

Mo fi ọwọ́ lu ilé tuntun náà. Ó pupa bí amọ̀, ṣùgbọ́n ó le koko. Mo bi ẹ̀gbọ́n mi pé kí ló ń bà á lẹ́rù.

“Ta ló ní ẹ̀rù ń bà mí? Wo àwọ̀ rẹ̀. Inú ilé pupa ni wọ́n bí wa sí, inú rẹ̀ ni mo ti tọ́mọ. Àwọn ọmọ kàwé tán, kí èrò ọ̀nà tún máa sọ pé ilé amọ̀ ni wọ́n kọ́ fún ìyá wọn? Ìwọ, ṣé amọ̀ ni ilé tìrẹ?”

Sìmẹ́ńtì ni a fi rẹ́ ilé tèmi látòkè délẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ abúlé wa mọ̀ pé iwájú ilé amọ̀ nìkan ni àwọn bàbá wa sábà máa ń fi sìmẹ́ńtì rẹ́. Mo ní kí Múfú ṣe bẹ́ẹ̀.

“Tíṣà, sìmẹ́ńtì tí à ń sá fún náà la tún fẹ́ lọ rà?”

“Iwájú nìkan ni.”

“Àti ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Múfú rẹ́rìn-ín, ó gbà. Kí òjò ọ̀sán tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ti ká ẹní rẹ̀ wọ ilé tuntun náà. Èmi àti Múfú la gbé àpótí.

Ilẹ̀ ti ṣú kí n tó padà délé. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kò tó kí ilé gba ènìyàn lọ́wọ́ òjò. Ó yẹ kó gbà á lọ́wọ́ ìtìjú pẹ̀lú. Ọgbà tí mo fẹ́ mọ yí ilé mi ká, búlọ́ọ̀kù Múfú ni n ó fi mọ ọ́n. N kò ní rẹ́ ẹ, kí ẹ̀gbọ́n mi lè rí i pé tèmi náà pupa bó bá wá kí mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ka èyí, Ọlọ́run yóò fi yín sábẹ́ òrùlé tí kì í jò, ojú kò sì ní tì yín níbẹ̀.