Iye Tí Àkànó Dá Nínú Ọyẹ́

Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni ní Òkè-Baálẹ̀ bá ń kánjú dá iye lé iṣẹ́ tí kò tíì rí ìdí rẹ̀, wọn a bi í pé, "Ṣé kì í ṣe koríko Iléṣà lo fẹ́ gé yìí?" Onítọ̀hún á pa ẹnu dé, á sì lọ tún iṣẹ́ náà wò. Olóògbé Mùstàfá Àkànó, agékoríko, ló fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún wa. Àpìkẹ́ ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ ohun tó ná wọn kí ó tó di ẹ̀rín.

Nínú oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1954 ni Àkànó lọ wo pápá ilé-ìwé kan ní Iléṣà. Tíṣà Adédìran ni ọ̀gá àgbà ibẹ̀. Alábẹ̀wò ilé-ìwé ń bọ̀ wá wo eré sísá àwọn ọmọ nínú oṣù Keje, Tíṣà sì fẹ́ kí koríko ti wálẹ̀ kí àlejò tó dé. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà tòótọ́ ni Tíṣà, inú àwọn òṣómàáló tí í lóṣòó gba gbèsè ni wọ́n ti bí i, kò sì fẹ́ràn kí ọ̀rọ̀ iye di ọjọ́ iṣẹ́.

Àkànó dúró ní ẹnu ọ̀nà, ó wo pápá náà. Iná ọyẹ́ ti jó o láti òkè délẹ̀, ilẹ̀ dúdú, ó sì ń dán bí orí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fá.

"Èló ni ẹ máa gbà?" ni Tíṣà bi í.

"Ṣílè mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n."

"Mo san ogún."

"Tíṣà, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni mo pè é. Ọ̀rọ̀ mi kì í jáde kí ó tún padà wọlé."

Tíṣà kọ ọ́ sínú ìwé: ṣílè mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, kí gbogbo pápá mọ́ kí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta tí alábẹ̀wò máa dé tó lù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò sí owó. Àkànó tẹ ìka sí i. Nígbà tó délé, kò lè jẹun. "Àpìkẹ́," ni ó wí, "ṣé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ni, kí n gba irú owó báyìí lọ́wọ́ onígbàgbọ́ nítorí eérú?"

Òjò rọ̀ láti oṣù Kẹta lọ, Àkànó kò sì padà lọ wo eérú rẹ̀. Nígbà tí oṣù Keje dé, Àpìkẹ́ kó owó tó fẹ́ fi ra ẹ̀lú jáde, ó fi wọkọ̀, ó fi ra iṣu àti gààrí fún òṣìṣẹ́ mẹ́fà. Aláró ni Àpìkẹ́. Ìkòkò aró rẹ̀ mẹ́rin ló dojú dé lẹ́yìnkùlé ní Òkè-Baálẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbéra. Bí Iléṣà bá san owó, yóò ra ẹ̀lú, ìkòkò yóò dìde. Bí kò bá san án, ìkòkò yóò dojú dé títí ẹnìkan yóò fi wá rà á. Ó wọkọ̀ tẹ̀lé wọn láti se oúnjẹ, ó sì mú aṣọ funfun kan àti ìdì ìkó lọ́wọ́, kí ó lè máa di àdìrẹ nígbà tí ọbẹ̀ bá ń hó.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé náà. Fákúnlé ló ga jù nínú àwọn òṣìṣẹ́, koríko sì ga ju Fákúnlé lọ. Ẹ̀kan àti èèsún ti so ara wọn pọ̀, òpó góòlù kò hàn mọ́. Àkànó gbé àdá lé èjìká, ó wọ inú rẹ̀ lọ, ó sì sọnù. Ohùn rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbọ́.

"Ta ló kó gbogbo èyí wá síbí?"

Tíṣà Adédìran, tó dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú agboòrùn rẹ̀, dá a lóhùn pé, "Òjò ni."

Àpìkẹ́ fa ọkọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Bàbá Nọ́síràtù, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó fi nǹkan kún un."

"Mo ti sọ̀rọ̀."

"Ẹnu lẹ fi sọ ọ́. Apá la máa fi gé e."

Tíṣà gbọ́ wọn. "Ọ̀gbẹ́ni Mùstàfá, ṣé ẹ fẹ́ ká tún ìwé wò ni?"

"Rárá o!"

"Ó dára, nítorí n kò ní fi kọ́bọ̀ kan kún un."

"Bí ẹ bá sì fi kún un, n kò ní gbà á!"

Àwọn ọkùnrin méjèèjì mi orí sí ara wọn bí ẹni tó ṣe ohun rere. Àpìkẹ́ tó dúró láàárín wọn nìkan ni orí ń fọ́.

Lọ́jọ́ náà, oníkálukú ń gé ibi tó wù ú. Ibi tí koríko bá ti rọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n rọ́ lọ, ibi tó bá le, wọ́n á yà á. Nígbà tí oòrùn wọ̀, pápá náà rí bí orí ọmọ tí làpálàpá mú. Àpìkẹ́ gbìyànjú láti mọ iye tó kù, kò mọ̀ ọ́n. Ó bi Àkànó, Àkànó ní ó kù díẹ̀. Ó bi Fákúnlé, Fákúnlé ní kó bi Àkànó.

Ní òwúrọ̀ Jímọ̀, òṣìṣẹ́ mẹ́ta ti ká ẹní wọn, wọ́n ti lọ. Àkànó gbé ojú sókè. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kù lòṣìṣẹ́. Iṣu nìkan làwọn yẹn ń gé látàná." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Àpìkẹ́ rí i pé àdá tó ti mú tẹ́lẹ̀ ló tún ń pọ́n.

Ó jókòó ti iná, ó fa aṣọ funfun rẹ̀ yọ kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Ó fẹ́ di igun kan, ó sì dúró. Kò sí aláró tó máa ń di aṣọ níbi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà. Èèyàn á kọ́kọ́ ṣẹ́ aṣọ sí ìlà, á di ìlà kan tán kí ó tó bọ́ sí òmíràn. Ó dìde, ó kó gbogbo ìdì ìkó náà lọ́wọ́.

Ó so wọ́n mọ́ ara wọn kí wọ́n lè gùn, ó so orí kan mọ́ ọgbà ní ìsàlẹ̀ pápá, ó fà á gba inú koríko lọ sí ọgbà òkè. Ó ka ẹsẹ̀ mẹ́wàá, ó tún so òmíràn. Ẹ̀kan ya á lẹ́sẹ̀, kò dúró.

"Kí lèyí?" ni Àkànó bi í.

"Àdìrẹ ni. Ìlà ogún ni pápá yìí. Èyí tẹ́ ẹ gé lánàá, bí a bá kó o jọ, kò ju márùn-ún lọ. Ẹ̀yin, ẹ bọ́ sí ìlà yìí. Fákúnlé, tìẹ nìyẹn. Kí ẹnikẹ́ni má wo ìlà ẹlòmíràn."

"Àpìkẹ́, ìwọ lo wá di ọ̀gá?"

"Ẹ gé e ná, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá lé mi."

Wọ́n gé e. Ó yani lẹ́nu bí iṣẹ́ kan náà ṣe yí padà nígbà tó ní òpin tí ojú lè rí. Ìlà mẹ́rin parí kí oòrùn tó gun òkè. Nígbà tó tó àkókò Jímọ̀, Àkànó gbé àdá kalẹ̀. Àpìkẹ́ wo ojú ọ̀run, ó wo koríko, kò sì lè sọ pé kí wọ́n má lọ. Wọ́n lọ kírun. Kí wọ́n tó dé, òun nìkan ti gé ìdajì ìlà kan, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó.

Ní nǹkan bí aago mẹ́rin, ìlà méje ló kù, òjò sì ṣú. Bí òjò bá dé, ẹ̀kan yóò sùn sílẹ̀, àdá kò ní ràn án mọ́ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi gbẹ. Wọn kò kọrin mọ́. Fákúnlé ń gé, ó ń wo òkè. Àpìkẹ́ ń gé, ìkòkò mẹ́rin ń rìn níwájú rẹ̀.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Tíṣà Adédìran náà ń ka ìlà. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó pa agboòrùn rẹ̀ dé, ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó ká a dáadáa, ó gbé e lé àga, ó sì mú àdá ilé-ìwé.

Àkànó rí i tó ń bọ̀. "Tíṣà! A ti jọ sọ ọ́, ẹ ò ní fi kún un!"

"Owó ni mo ní n kò ní fi kún un," ni Tíṣà wí, "n kò sọ̀rọ̀ apá."

Àkànó nawọ́ sí ìlà kan fún un. Wọ́n tẹ̀ba síṣẹ́. Àrá ń kùn lókèèrè bí wọ́n ṣe ń gé e. Lẹ́yìn náà ni Àkànó nà tán, ó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò sì lè pa á mọ́ra.

"Tíṣà, ìlà yín wọ́ o."

"Ẹ yọ tèmi kúrò nínú ṣílè mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n yín."

Ìlà tó kẹ́yìn ni wọ́n wà nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kó sórí rẹ̀, wọ́n ń gé e láti orí, wọ́n ń gé e láti ìdí, wọ́n sì pàdé láàárín, tí omi ń ṣàn lójú gbogbo wọn. Àpìkẹ́ jókòó sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Nígbà tí alábẹ̀wò dé lọ́jọ́ kejì, ó yin pápá náà púpọ̀, ó wá béèrè ẹni tó gé ibì kan tó wọ́. "Òṣìṣẹ́ kan ni, sà," ni Tíṣà wí. "A kò san owó fún un."

Ká má purọ́, iṣẹ́ náà kò mú èrè wá. Nígbà tí wọ́n san ti àwọn òṣìṣẹ́ àti ti ọkọ̀ tán, ohun tó kù kò ju èyí tí Àpìkẹ́ fi lè gbé ìkòkò kan ṣoṣo dìde lọ. Ṣùgbọ́n ó ká ìkó rẹ̀ jọ láìfi ẹyọ kan sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Àkànó kò dá iye lé pápá kankan mọ́ láìjẹ́ pé wọ́n ti ta ìkó sí i, tí wọ́n sì ti ka ìlà rẹ̀. Kí ọdún tó yípo, ìkòkò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti dìde.

Ìṣòro rẹ̀ ni pé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àná nìkan ló máa ń mọ̀. Ìyá òyìnbó kan nítòsí Òkè Fìà pè é. Àkànó ta ìkó, ó ka ìlà, ó dá iye pẹ̀lú ìgbéraga. Ìgbà náà ni ìyá náà gbé àlùmọ́gàjí kékeré kan fún un, pé èyí ni kó fi gé ti ìdí òdòdó. Ọjọ́ méjì ló fi kúnlẹ̀, tó forí kanlẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan tó ń kọjá rò pé ìrun ló ń kí, ó dúró kó parí kí àwọn tó kí ara wọn. Bàbá náà dúró títí, ó rẹ̀ ẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí Àkànó máa ń bi ẹni tó bá pè é ni, "Kí lẹ fẹ́ kí n fi gé e?"

Ní ti ọyẹ́, kò dárí jì í láéláé. Kò dá iye lé ohunkóhun mọ́ nínú oṣù Kìn-ín-ní, ìbáà ṣe koríko, ìbáà ṣe àgbò. Ọdún 1957 ni àwọn ẹbí ọkọ Nọ́síràtù, ọmọ rẹ̀, wá tọrọ rẹ̀ nínú ọyẹ́. Wọ́n béèrè ohun tí wọ́n máa mú wá. Àkànó ní kí wọ́n padà wá nígbà òjò. Wọ́n rò pé ó lé àwọn ni. Nọ́síràtù ń sunkún nínú yàrá, àwọn àlejò ń wá bàtà wọn.

"Bàbá Nọ́síràtù," ni Àpìkẹ́ wí, "ọmọ kì í ṣe koríko!"

"Báwo ló ṣe ga tó nígbà tá a bí i, báwo ló sì ṣe ga tó báyìí?"

Àpìkẹ́ ló sáré pe àwọn àlejò padà láti ẹnu ọ̀nà.

Oṣù Karùn-ún ọdún 1959 ni Àkànó kú, lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́. Nígbà tí àdúrà ogójì ọjọ́ fi máa pé, òjò ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀, koríko ti yí ibojì rẹ̀ ká ní ilẹ̀ ẹbí lẹ́yìn Òkè-Baálẹ̀. Àpìkẹ́ ń rò ó bóyá kí ó ránṣẹ́ sí Fákúnlé. Nígbà náà ni Tíṣà Adédìran sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ Iléṣà. Ó ti fẹ̀yìn tì, irun rẹ̀ ti funfun. Ó fi ìwé ìròyìn wé àdá kan mọ́ abẹ́ apá.

Wọ́n jọ rìn dé ibẹ̀. Tíṣà dúró ní ẹnu ọ̀nà, ó wo ilẹ̀ náà.

"Ṣílè mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n," ni ó wí.

"Tíṣà! Ẹ ò tíì rìn ín. Ẹ ò mọ ohun tó wà lẹ́yìn."

"Mo mọ ẹni tó wà níbẹ̀."

Àpìkẹ́ tú ìdì ìkó tó wà nídìí aṣọ rẹ̀, ó so orí kan mọ́ igi, ó fà á lọ sí ìkejì. Tíṣà bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ká a dáadáa, ó tẹ̀ba. Ó gé e pẹ̀lú sùúrù, ó ń dúró mí, ó tún ń gé e, títí ó fi dé orí ibojì.

Nígbà tó parí, ó nà tán, ó yíjú sí òkìtì ilẹ̀ náà, ó sì dúró bí ẹni tó ń retí ohùn kan.

Àpìkẹ́ wo ìlà náà láti orí dé ìdí. Ó fi etí aṣọ nu ojú.

"Tíṣà," ni ó wí, "ó wọ́ o."