Ẹ̀rọ tí Mi Ò Fún Ìyàwó Mi

Èmi ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tí ìyàwó mi ti ń kọ́ni ní Kábbà. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́ fi ẹ̀rọ kékeré kan ta wá lọ́rẹ, èyí tó ń gbé ohun tó wà lójú fóònù sára ògiri láìlo wáyà, ìyàwó mi bẹ̀ mí pé kí n gbé e fún kíláàsì òun. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wú nígbà náà. Èmi fúnra mi ni mo máa ń fi omi gbígbóná jó o nírọ̀lẹ́. Pẹ̀lú ẹ̀rọ yẹn, ì bá máa jókòó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, dípò kó máa dúró kọ̀wé sójú pátákó.

Mo gbé e fún olùkọ́ mìíràn, kí wọ́n má baà ní mò ń ṣojúsàájú.

Ìyàwó mi wá bá mi ní ọ́fíìsì. "Ọ̀gá, ká ní mi ò fẹ́ yín ńkọ́, ṣé ẹ̀ bá fún mi?"

"Padà sí kíláàsì rẹ, màdáámú." Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Orí ìdúró ló ti ń kọ́ni títí ó fi wọ ilé ìwòsàn, kò sì padà wálé mọ́. Lẹ́yìn ìsìnkú, mo gbé ẹ̀rọ náà lọ sí kíláàsì rẹ̀. Olùkọ́ tí mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ rọra sọ pé, "Ọ̀gá, gbogbo wa la ti rò pé màdáámú lẹ máa fún látìbẹ̀rẹ̀."