Rédíò Tí Kò Dárúkọ Ọ̀fà

Kò sí rédíò tó kú ní gbogbo Ọ̀fà tí mi ò lè jí. Mi ò fọ́nnu o, ẹ bi wọ́n léèrè. Rédíò kan wà nílé Alhaja tó ń ta aṣọ ní òdìkejì ilé wa. Wọ́n ti jù ú sẹ́yìn ilé, adìyẹ ń yé ẹyin sínú ẹ̀. Mo kó ẹyin jáde, mo tú u, mo lẹ wáyà tó já, kó tó dalẹ́ ó ti ń pe ìrun. Ìwé mi ò kọjá fọ́ọ̀mù tírì. Ó sú mi ni. Wọ́n ní orí mi kì í dúró sójú kan. Àwọn tíṣà tó sọ bẹ́ẹ̀ náà ló ń gbé rédíò wọn tọ̀ mí wá, tí wọ́n ń bẹ̀ mí pé kí n tètè ṣe é nítorí bọ́ọ̀lù.

Gáréèjì ni mo jókòó sí tí mo ń kọ eléyìí. Mọ́tò Ìbàdàn ò tíì kún. Tó bá ti kún, mo lọ nìyẹn, mi ò sì mọ ìgbà tí màá padà. Àmọ́ mi ò fẹ́ kí ẹni tó bá ń kọjá níwájú ilé wa, tó rí àlàpà yẹn, máa rò pé ọ̀lẹ ló ni ín. Bàbá mi kì í ṣe ọ̀lẹ. Wọ́n kàn gbọ́ ọ̀rọ̀ kan, wọ́n sì gbà á gbọ́ ju gbogbo ìlú lọ ni.

Títì tó lọ sí sitéṣọ̀n rélùwéè ni ilé wa kọjú sí. Ilé alámọ̀ ni, wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ lójú, páànù ẹ̀ ti pọ́n. Yàrá iwájú ni ṣọ́ọ̀bù bàbá mi. Télọ̀ ni wọ́n. Yunifọ́ọ̀mù ni wọ́n ń rán, ti àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè àti ti àwọn ọmọ iléèwé. Inú yàrá yẹn náà ni saréè bàbá bàbá mi wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, bí wọ́n ṣe máa ń sin àgbà sínú ilé ara wọn níbí. Sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi bò ó. Bàbá mi á tẹ́ aṣọ tí wọ́n ti gé sórí ẹ̀, wọ́n á ní bàbá àwọn ló ń bá àwọn di aṣọ mú.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí rélùwéè bá ti ń bọ̀, ilẹ̀ á gbọ̀n, abẹ́rẹ́ tó wà lórí tábìlì á máa jó. Ìyá mi á gbé ànàmọ́ sísè rù, wọ́n á sáré. Ojú fèrèsé rélùwéè ni wọ́n ti ń tà á. Àwọn tó ń bọ̀ láti Kánò ń rà, àwọn tó ń bọ̀ láti Èkó ń rà, kò sẹ́ni tó ń béèrè bóyá ará òkè ni wá tàbí ará ìsàlẹ̀. Sitéṣọ̀n yẹn ni àárín ìlú. Ẹni tó bá nílé níbẹ̀, ó nílé.

Ìgbà tí mo lọ kọ́ṣẹ́ rédíò ní Òṣogbo ni mo tó mọ̀ pé àwa ò ní ibì kan.

“Àbókí, mú wáyà yẹn wá,” ọ̀gá tó ń kọ́ mi níṣẹ́ á wí.

“Ọ̀gá, Ọ̀fà ni mo ti wá. Yorùbá ni wá.”

“Ṣebí Kwara ni Ọ̀fà wà? Òkè Ọya sì ni ìjọba ka Kwara mọ́. Ìwọ yìí, góórò ló yẹ kí n máa fún ẹ jẹ, kì í ṣe ìrẹsì.”

Gbogbo àwọn ọmọṣẹ́ á bú sẹ́rìn-ín. Mo ní kí ẹni tó bá láyà jáde wá, ká jọ jìjàkadì, kó fi ẹ̀yìn ẹ̀ mọ ibi tí mo ti wá. Wọ́n jáde o. Mo gbé wọn ṣánlẹ̀, èyí tó sanra jù gan-an sunkún. Síbẹ̀, Àbókí ni wọ́n ń pè mí títí mo fi parí iṣẹ́.

Mo délé, mo rojọ́ fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Bàbá Kàdúná là ń pè wọ́n, torí rélùwéè ni wọ́n bá ṣiṣẹ́ ní Kàdúná títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Wọ́n rẹ́rìn-ín, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀.

“Èmi tí mo lo gbogbo ọjọ́ ayé mi ní Kàdúná, Bàyárábè ni wọ́n ń pè mí, ìyẹn ará Yorùbá. Wọ́n ní kí n máa lọ sí ìsàlẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn èèyàn mi. Mo dé Ìbàdàn, wọ́n ní ṣé mo gbọ́ Yorùbá. Ibo gan-an ni kí wọ́n wá sin mí sí?”

“Inú ilé yìí ni,” bàbá mi wí. “Lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá wa. Ààyè ṣì wà.”

Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ìjọba fẹ́ dá ìpínlẹ̀ tuntun sílẹ̀ nìyẹn. Àwọn ọmọ ìlú tó wà nílẹ̀ òkèèrè wálé, wọ́n pe ìpàdé. Èmi àti bàbá mi jọ lọ. Alhaji kan tó ti Èkó wá, agbádá ẹ̀ ń dán, ló dìde. Ó ní àwa náà máa bọ́ nínú Kwara, a máa ní ìpínlẹ̀ tiwa, Ọ̀fà ló sì máa jẹ́ kápítà. Ó ní kò ní sẹ́ni tó máa tún pè wá ní ará Òkè Ọya mọ́. Ẹ ò rí bí gbogbo ilé ṣe pariwo!

Ó wá ní a ò lè nawọ́ sí apá Ẹ̀rìn-Ilé tó bá wa pààlà, torí ẹjọ́ ilẹ̀ tó wà ńbẹ̀ ò tíì tán. Àárín ìlú la máa kọ́ sókè. Ó fi igi fa ilà sílẹ̀ẹ́lẹ̀: báńkì níbí, sẹkitéríàtì lọ́hùn-ún, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ́tùn-ún lósì láti sitéṣọ̀n títí dé ọjà. Ó ní àwọn aṣojú ìjọba máa wá wò wá láìpẹ́, ojú títì sitéṣọ̀n ni wọ́n máa gbà wọlé.

“Ẹ̀yin tí ẹ nílé alámọ̀ níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wó o. Kí wọ́n má lọ rò pé abúlé làwọn wá.”

“A máa wó o!” gbogbo wọn dáhùn. Ẹni tí ilé ẹ̀ ò sí níbẹ̀ rárá, òun ló pariwo jù.

Bàbá mi ò pariwo. Wọ́n ń wo ilà tó wà nílẹ̀ yẹn. Bá a ṣe ń bọ̀ nílé, wọ́n dá mi dúró sójú títì.

“Bílọ́ọ̀kù la máa fi kọ́ ọ. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Báńkì á wà lókè. Ṣọ́ọ̀bù kan nísàlẹ̀, tìẹ ni. Kọ orúkọ rẹ sára ẹ̀ gàdàgbà.”

Mi ò sùn dáadáa mọ́ látọjọ́ náà. Mo ti mọ àwọ̀ tí màá fi kun ún. Mo ti mọ ibi tí màá gbé spíkà sí, tí gbogbo àwọn tó bá sọ̀ nínú rélùwéè á máa gbọ́ orin mi.

Bàbá Kàdúná ò kọ́kọ́ gbà.

“Ẹ fẹ́ ká ṣí páànù kúrò lórí bàbá wa? Kí òjò máa pa wọ́n?”

“Ẹ̀gbọ́n, kí òjò tó dé, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ti wà lórí wọn. Wọn ò tíì sùn sábẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rí láyé wọn.”

Ẹ̀gbọ́n bojú wo saréè náà. Wọ́n wá tẹ́wọ́, wọ́n ṣe fàtíhà. Tí àgbà bá ti ṣe fàtíhà sí nǹkan nílé wa, ó ti parí.

Èmi ni mo gun òkè ilé. Ẹ bi wọ́n léèrè bí mo ṣe ṣí páànù yẹn. Mi ò fọ́ ẹyọ kan. Mo tò wọ́n jọ sẹ́yìn ilé, mo sọ̀ kalẹ̀, mo gba òòlù, mo kọjú sí ògiri. Alhaja aláṣọ jáde, wọ́n fi gèlè bo imú nítorí eruku.

“Ẹ̀yin ará ibí, ṣé ogun ti dé ni?”

“Kì í ṣe ogun, Alhaja,” mo dáhùn. “Kápítà ni!”

“Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rédíò ná.”

“Tí ẹ bá fi máa gbọ́ ọ,” bàbá mi wí, “àwọn báńkì á ti bẹ̀rẹ̀ sí í tò síwájú ilé mi.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, àwọn méjèèjì. Alhaja wọlé, ilé alámọ̀ tiwọn ò mira. Gbogbo ojú títì yẹn, kò sẹ́ni tó wó tiẹ̀. Ẹnì kan ní òun ń dúró de ọmọ òun tó wà ní Jọ́ọ̀sì, ẹlòmíì ní òjò ti sún mọ́lé. Tiwa nìkan ló ṣí sílẹ̀ bí ẹnu tí eyín ti ká.

Àwọn aṣojú tí wọ́n ní wọ́n ń bọ̀ yẹn, bóyá wọ́n wá, bóyá wọn ò wá, àwa ò rí wọn.

Ọjọ́ tí rédíò máa sọ ọ́, iwájú ilé wa ni gbogbo àdúgbò péjọ sí, torí èmi ni mo ní rédíò tó ń sọ̀rọ̀ ketekete jù. Mo gbé e sórí mọṣíìnì bàbá mi. Mo ra bátìrì tuntun, mo fa wáyà láti ẹ̀yìn ẹ̀ lọ sórí igi ọsàn. Ohùn ọkùnrin náà mọ́ bí ẹni pé inú yàrá ló jókòó sí. Ó ń ka ìpínlẹ̀, ó ń ka kápítà. Gbogbo wa na ọrùn. Ó dárúkọ Òṣogbo.

Òṣogbo! Ibi tí wọ́n ti ń fi góórò bú mi.

Ó ka àwọn tó kù. Ó ní wọ́n gé nínú Kwara fún àwọn míì, ibi tí wọ́n gé sí kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa. Ó kí wa pé ó dàbọ̀, wọ́n fi orin sí i.

Ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ mi nawọ́ sí rédíò náà.

“Rédíò ẹ ò dáa o. Ó ti gbé Ọ̀fà mì!”

“Gbọ̀n ọ́n wò, bóyá á bọ́ sílẹ̀,” ẹlòmíì fi kún un.

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tú ká. Bàbá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

“Tú u,” wọ́n wí fún mi.

“Bàbá, nǹkan kan ò ṣe é.”

“Mo ní kí o tú u. Bóyá wáyà kan já níbi tó yẹ kó ti dárúkọ wa.”

Mo rò pé wọ́n ń ṣàwàdà. Mo wo ojú wọn. Mo tú u. Wọ́n wọ awò tí wọ́n fi ń rán aṣọ, wọ́n tẹrí ba sórí ẹ̀. Mo ń fọwọ́ kan wáyà kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè rí i pé ó dúró.

“Bàbá, ó pé.”

“Dé e padà,” wọ́n wí. Wọ́n bọ́ awò wọn.

Òjò dé. Alámọ̀ tí kò ní páànù lórí, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí. Ó ń yọ́ bí ṣúgà. Ògiri tí mi ò tíì wó, òjò bá mi wó o. Bàbá Kàdúná ra tápólì, wọ́n fi bo saréè, wọ́n fi òkúta tẹ̀ ẹ́. Afẹ́fẹ́ á gbé e, wọ́n á tún lọ tẹ́ ẹ, wọn ò bá bàbá mi jà. Ìyẹn ló tiẹ̀ ń dùn mí jù. Mo ní ká kó páànù yẹn padà sókè, bàbá mi ní rárá.

“Ṣé kí n tún padà máa kọ́ alámọ̀? Wọ́n ṣì máa dá òmíì sílẹ̀. Ìjọba ò tíì kú.”

Rélùwéè náà wá dín kù. Á ní òun ń bọ̀, kò ní dé. Abẹ́rẹ́ ò jó lórí tábìlì mọ́, kò tiẹ̀ sí tábìlì mọ́, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn tí a ò ṣí páànù ẹ̀, tá à ń sùn sí, ni bàbá mi ti ń ránṣọ. Àwọn òṣìṣẹ́ sitéṣọ̀n ń wọ yunifọ́ọ̀mù tó ti gbó, wọn ò wá rán tuntun. Ìyá mi gbé ànàmọ́ wọn wá sí gáréèjì ibí yìí. Àárín ìlú ti kúrò níbi tí ilé wa wà, a ò sì mọ ọjọ́ tó kúrò.

Ìjọba dá òmíì sílẹ̀ lóòótọ́. Èmi àti bàbá mi nìkan la gbọ́ ọ lọ́tẹ̀ yìí. Ọkùnrin yẹn ń ka kápítà lọ, kò dárúkọ wa, kó tó kà á tán ni bàbá mi ní kí n pa rédíò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá wọn tí wọ́n ń gbá iwájú àlàpà.

Lánàá, mo sọ fún wọn pé mò ń lọ sí Ìbàdàn.

“Ṣọ́ọ̀bù rẹ ńkọ́?”

“Bàbá, ṣọ́ọ̀bù wo?”

“Ibi tí o dúró sí yẹn.”

Mo wo ẹsẹ̀ mi. Koríko ni. Ewúrẹ́ Alhaja ń jẹ níbẹ̀.

Tí wọ́n bá pè mí ní Àbókí ní Ìbàdàn, màá dáhùn. Mi ò ní gbé ẹnikẹ́ni ṣánlẹ̀ nítorí ẹ̀ mọ́.

Láàárọ̀ yìí, mo ti di ẹrù mi tán, mo fẹ́ fi rédíò yẹn sílẹ̀ fún bàbá mi. Wọ́n gbé e wá bá mi.

“Kí o tó lọ, bá mi wo inú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.”

Mo tú u. Nǹkan kan ò ṣe é. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni, kò lè ṣe nǹkan kan. Bàbá mi dúró sí ẹ̀yìn mi, wọn ò wọ awò wọn, mò ń gbọ́ èémí wọn. Mo fọwọ́ kan ibì kan, mo ṣe bí ẹni tó ń lẹ nǹkan.

“Bàbá, òótọ́ lẹ sọ. Wáyà kan já. Èmi ni mi ò rí i nígbà yẹn.”

“Mo sọ fún ẹ!”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mi ò rántí ìgbà tí wọ́n ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. Wọ́n gbé rédíò yẹn mọ́yà, wọ́n gbé e lọ sórí òkúta tó wà níwájú àlàpà, wọ́n tàn án, wọ́n jókòó tì í. Ibẹ̀ ni mo fi wọ́n sí. Wọ́n á ti máa gbọ́ ọ báyìí, wọ́n á máa dúró kó—

Dírẹ́bà ti ń pè. Mọ́tò ti kún. Mo ní láti máa lọ.