Ọmọ Onídìrí Lọ́wọ́ Ìyá Alátùnṣe

Aṣọ tó ya ni obìnrin yìí fi ń jẹun. Bí ṣòkòtò ẹnìkan bá fàya nídìí, bí síìpù bá kọṣẹ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ, lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́ta kan tó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí. Ìyá Alátùnṣe ni wọ́n ń pè é. Ọkọ rẹ̀ ti kú, wọn ò sì bímọ.

Ẹnìkan ṣoṣo tó ní ni onídìrí tí yàrá wọn fara kan ara. Ògiri pákó ló là wọ́n láàárín. Bí ọ̀kan bá sín, èkejì á ní, "Pẹ̀lẹ́ o!" Sítóófù kan ni wọ́n jọ fi ń dáná, wọ́n sì jọ ń tọ́ ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí onídìrí bí.

Lọ́dún kan, akọ̀wé iléeṣẹ́ ìwádìí kan dé yàrá Ìyá Alátùnṣe. Ó ní àwọn fẹ́ wọn bí mẹ̀kúnnù ṣe ń dìde bó bá ṣubú.

"Mà, bí wàhálà bá dé, èèyàn mélòó lẹ lè ké pè?"

"Ẹyọ kan. Ó ti ń tẹ́tí gbọ́ wa lẹ́yìn ògiri."

"Irọ́ ló ń pa, mi ò gbọ́ nǹkan kan!" Onídìrí ló kígbe bẹ́ẹ̀ láti ọ̀hún. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ìwé fi bọ́ lọ́wọ́ akọ̀wé.

Nígbà òjò, ibà dá onídìrí dùbúlẹ̀. Ìyá pọ̀n ọ́n dé ilé ìwòsàn, wọ́n ní kí wọ́n tò sórí ìlà.

"Ọmọ mi o," ni onídìrí ń wí létí rẹ̀.

"Má sọ bẹ́ẹ̀. A jọ ń padà sílé ni."

Ìyá nìkan ló padà. Ọmọ náà, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ká ẹní rẹ̀ wá sí yàrá Ìyá Alátùnṣe. Láti ìgbà náà, bí ìyá bá sín, ògiri kì í dáhùn.

Ọdún yípo, akọ̀wé tún dé, lábẹ́ àtẹ̀gùn lọ́tẹ̀ yìí, pẹ̀lú ìbéèrè kan náà. Ìyá wolẹ̀.

"Kò sí."

Akọ̀wé kọ òdo. Ó bèèrè bóyá ìyá dáṣẹ́ dúró, bóyá ọmọ ń lọ síléèwé. Ìyá ní iṣẹ́ ń lọ, ọmọ náà sì ń lọ síléèwé. Akọ̀wé ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Mà, agbára yín láti dìde ga ju tèṣí lọ. Ẹ tún gba ọmọ ọlọ́mọ tọ́. Ẹ kú ìfaradà."

"Agbára kẹ̀? Ọmọ onídìrí ni, mi ò sì mọ irun dì. Mo gé e mọ́lẹ̀ fún un. Ó dúró jẹ́ẹ́, kò sunkún. Ṣé àyè ìyẹn wà nínú ìwé yín?"

Akọ̀wé pa ìwé dé, ó jókòó tì í fúngbà díẹ̀ kó tó lọ.

Ìyá fa aṣọ sábẹ́ ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n omijé ò jẹ́ kó rí ojú abẹ́rẹ́. Oòrùn ṣì wà lókè nígbà tó bo ẹ̀rọ náà, ó sì lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà iléèwé títí ọmọ fi jáde.